Pẹ́pẹ́yẹ tó ń súfèé ní Gwagwalada

Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbújá dé bá wa níbí, ní Leeds. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Gwagwalada ló ti lo ìsinmi. Wọ́n mú un lọ sí oko ìrẹsì létí odò Usuma, ó rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun. Ìyá mi ní ẹyẹ náà ń súfèé. Ọmọ ní irọ́ ni, pé kúwá-kúwá ni pẹ́pẹ́yẹ olórí aláwọ̀ ewé inú adágún àdúgbò wa ń ké. Ta ni kí n gbè lẹ́yìn? Ibo ni wọ́n sì ń yé sí?
Ìyá Dámi

Ìyá Dámi, ẹ gbè lẹ́yìn màmá. Nguru, ní ìpínlẹ̀ Yobe, ni wọ́n bí mi sí. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi níbẹ̀, níbi tí ojú irin tó ti Kano wá parí sí. Wishi-wishi ni àwọn Hausa ń pe ẹyẹ yẹn, àwa ọmọ Yorùbá ibẹ̀ náà ò sì pè é ní nǹkan míì. Súfèé tín-ín-rín ni ohùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn. Òru ni wọ́n sábà máa ń fò lọ jẹun, orí òrùlé wa ló sì ti ń dún. Màmá mi tó ń nà wá tí a bá súfèé lálẹ́, pé ejò á wọlé, ò rí nǹkan kan ṣe sí wọn.

Ti àdúgbò yín, mallard nìyẹn, ẹ̀yà mìíràn. Akọ rẹ̀ nìkan ló ní orí aláwọ̀ ewé tó ń dán. Abo rí bí ewé gbígbẹ. Ní ti wishi-wishi, ẹ ò lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo: ojú bí ẹni tó kun ẹfun, ìpàkọ́ dúdú, àyà pupa rúsúrúsú, ìhà abilà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó máa ń nàró bíi sọ́jà. Kò tóbi, kì í wúwo tó kílò kan.

Inú koríko gíga lẹ́bàá omi ni wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ sí lásìkò òjò, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò igi. Ẹyin 8 sí 12 ló sábà máa ń jẹ́, tọkọtaya ló sì jọ ń sàba, bí ọjọ́ 26 sí 30. Akọ mallard ńkọ́? Tí ìyàwó bá ti jókòó lé ẹyin, ó bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní òun mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ní Toronto níbí.

Tí Dámi bá ní pẹ́pẹ́yẹ àgbàlá màmá, ẹlẹ́ran pupa lójú, kì í súfèé, òótọ́ ni. Ìyẹn tún yàtọ̀: Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran tirẹ̀ ti wá, kò sì ju kó máa mí fúù bí ejò.

Tó bá tún lọ, kí màmá mú un dé etí oko náà nírọ̀lẹ́, kí wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n fi ìpara ẹ̀fọn pa ara o.
Bàbá Moyọ̀