Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fẹ̀yìntì ní 57, ẹ kọ́kọ́ wá owó yín tó wà nílé rí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òtútù o. Mo rí i tẹ́ẹ ní ẹ ṣiṣẹ́ ọdún 9 l'Ékòó kẹ́ẹ tó kọjá sí Ìlú Ọba, ẹ ti lo ọdún 10 níbẹ̀, ẹ ti pé 51, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 57 kẹ́ẹ máa bọ̀ nílé àbí kẹ́ẹ fara dà á di 67. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú ọdún kankan.

Owó pẹ́ńṣàn tí wọ́n ń yọ lórí owó oṣù yín l'Ékòó ṣì wà níbẹ̀ o, àti pé lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn Nàìjíríà ti ọdún 2014, ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti pé 50, lè lọ bèèrè tiẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, nínú ímeèlì àtijọ́ tàbí stétímẹ́ǹtì, kẹ́ẹ kọ̀wé sí PFA yín, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó pẹ́ńṣàn náà, pé ẹ fẹ́ ṣe data recapture, ìyẹn títún àkọsílẹ̀ yín ṣe lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n máa bèèrè NIN. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá, torí èmi, orúkọ bàbá mi ni mo fi wọṣẹ́, orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN mi, oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi sáré kiri kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á kó fún yín lẹ́ẹ̀kan o, wọ́n lè fún yín ní díẹ̀ lápapọ̀, ìyókù á máa wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ti Ìlú Ọba ló ń bà mí lẹ́rù. Ọdún 35 lèèyàn fi ń san National Insurance, owó tí ìjọba ń yọ lórí owó oṣù, kó tó gba State Pension, ìyẹn pẹ́ńṣàn ìjọba ibẹ̀, tó pé, tẹ́ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 57, ọdún 16 péré lẹ máa ní, kò tó ìdajì, ẹ ò sì ní fojú kan kọ́bọ̀ nínú ẹ̀ títí di 67. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ń gbé ní Nàìjíríà, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ san fún un ló máa dúró lé, wọn ò ní fi kún un lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń fi kún tàwọn tó wà lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti di ẹrù tán kí wọ́n tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ní iṣẹ́ kéà ni, ẹ̀yìn sì ti ń dùn yín. Èyí ò ṣeé fojú fò. Ká ní èmi ni, mi ò ní dúró di 67 nídìí gbígbé aláìsàn, màá wá iṣẹ́ tó fúyẹ́, màá dín ọjọ́ kù, kí ọdún National Insurance lè máa pọ̀ sí i. Tẹ́ẹ bá ti rí nọ́ńbà PEN yẹn, ẹ padà wá sọ fún wa ká jọ wo fọ́ọ̀mù tó kàn.