"Fítámì ni, kò lè ṣe nǹkan"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti fi kíndìnrín tuntun sí mi lára, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àyẹ̀wò wá sọ pé fítámì D mi jẹ́ 22. Àbúrò mi fi kápúsù 50,000 yúníìtì ránṣẹ́ láti Èkó, ó ní kí n máa lo ẹyọ kan lójoojúmọ́, pé fítámì lásán ni. Ṣé kíndìnrín yìí ni kò ṣe fítámì náà tó?

Ìdáhùn: Ẹ gbé kápúsù yẹn sílẹ̀ ná, mà.

Ẹ má dá kíndìnrín lẹ́bi. Awọ ara ló ń fi oòrùn ṣe fítámì D, ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ yí i padà, kíndìnrín á wá parí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta tuntun ti dé, ata ni kò sí. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹta, oòrùn ìlú ọba kò lágbára tó, awọ dúdú sì nílò rẹ̀ ju awọ funfun lọ. Àwa dókítà kan náà la tún ní kí ẹ máa sá fún oòrùn nítorí jẹjẹrẹ awọ ara. Ẹ sì máa wo ìwọ̀n tó tẹ̀lé nọ́ńbà: nmol/L ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bí ilé àyẹ̀wò bá lo ìwọ̀n kejì, ng/mL, 22 yín á di bíi 9.

Ọ̀rọ̀ "fítámì lásán" yìí ti sú mi. Bí fítámì C bá pọ̀ jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ máa tọ̀ dànù. D kì í lọ bẹ́ẹ̀, inú ọ̀rá ara ló ń sá pamọ́ sí. Bó bá pọ̀ jù, kálísíọ̀mù á ga nínú ẹ̀jẹ̀: òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, èébì, ìgbẹ́ tí kò yà, ó sì lè ba kíndìnrín tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jẹ́. Ewu yìí tilẹ̀ sún mọ́ yín ju ẹlòmíì lọ. Àwọn kókó kéékèèké kan wà lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní parathyroid, àwọn ló ń gbé kálísíọ̀mù sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí kíndìnrín àtijọ́ ń ṣàìsàn, iṣẹ́ àṣejù ti mọ́ wọn lára. Lára àwọn kan, wọn kì í rọlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kálísíọ̀mù ti ga tẹ́lẹ̀ kí kápúsù tó dé. Kápúsù 50,000 yẹn náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la sábà ń kọ ọ́ fúnni, fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ta ló sọ ọ́ di ojoojúmọ́?

Ẹ yẹ inú dúrọ́ọ̀ wò pẹ̀lú. Bí oògùn tí wọ́n ń pè ní alfacalcidol bá ṣẹ́kù láti ìgbà tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Orúkọ fítámì D ló ń jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò dúró de kíndìnrín kó tó ṣiṣẹ́, kíá ló ń gbé kálísíọ̀mù sókè.

N kò rí ìwé àyẹ̀wò yín, nítorí náà n kò ní dá iye tí ẹ ó lò. Ẹ pe kíníìkì tó ń tọ́jú kíndìnrín yín, kí ẹ bi wọ́n pé mélòó ni kálísíọ̀mù àti PTH yín, ìyẹn họ́mónù tí àwọn kókó ọrùn yẹn ń tú jáde. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní fítámì D, torí 22 kéré lóòótọ́. Ẹ bá mi kí àbúrò yín. Kápúsù rẹ̀, ẹ mú un dání lọ síbẹ̀ kí wọ́n fojú rí i.