Ọmọ Kì í Jẹ Àwòrán Ara Páálí

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 4. Tá a bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sílẹ̀, á ní àfi kí n ra cornflakes àti juisi. Tí mi ò bá rà á, bàbá rẹ̀ á rà á bọ̀ lálẹ́, á ní mo fẹ́ kí ọmọ òun máa mu ẹ̀kọ bí ọmọ aláìní. Ìyàwó tá a jọ ń gbélé kì í fún ọmọ tiẹ̀ lẹ́kọ rárá. Ṣé mò ń fìyà jẹ ọmọ mi ni? Ìyá Ọmọ Kan, Ẹ̀pẹ́."

Ìyá Ọmọ Kan, o ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀pẹ́ lo wà, ọjà Olúwo ò jìnnà sí ẹ, ẹja tútù ń ti inú ọ̀sà bọ́ sórí igbá lójú ẹ, o wá ń sunkún nítorí páálí! O ò sọ fún mi pé ọmọ ń rù tàbí pé ara rẹ̀ ò yá. Ojú ìyàwó inú ilé yẹn ló ń tì ẹ́.

Wo páálí náà dáadáa. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ya ẹranko tó ń rẹ́rìn-ín sí, tí wọ́n kọ "fítámì" gàdàgbà. Yí i sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ nínú èròjà rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí ṣúgà bá wà ní ipò kìíní tàbí ìkejì, ìpanu lẹ̀ ń pè lóúnjẹ àárọ̀ yẹn. Bákan náà ni agolo mílíìkì: tó o bá rí "filled milk" lára rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ̀rá mílíìkì kúrò, òróró ni wọ́n fi dípò. Kì í ṣe májèlé o, àmọ́ má sanwó ojúlówó lé e. Ti juisi ló wá burú jù. Bí ẹ̀yìn ike bá sọ pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mílílítà 100, tí ike náà sì jẹ́ mílílítà 500, gíráàmù 50 lọmọ mu yẹn. Gíráàmù 4 ni ṣíbí tíì kan. Bu ṣúgà ṣíbí 12 àtààbọ̀ sínú kọ́ọ̀bù níwájú ọkọ rẹ, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ̀kọ lásán ò tó ọmọ, mo gbà. Po sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn, kó fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín mu ún. Tówó bá wọlé, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni kó o kọ́kọ́ rà, kó o tó yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Àrọ̀ dáa fún ọmọ kékeré, kò léegun wẹ́wẹ́ bí epìyà, síbẹ̀ fọwọ́ tú u kó o tó fún un. Owó tó bá ṣẹ́kù ni kó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Má mú ọmọ tébi ń pa dání lọ síbẹ̀, má sì bi í pé "kí lo fẹ́?" Bi í pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àbí ìbẹ́pẹ. Tó bá jókòó sílẹ̀, dúró tì í, má pariwo, má sì rà á. Káwọn èèyàn máa wò yín, wọ́n á wò ó sú.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló kù. Ìfẹ́ ló ń gbé bọ̀ wálé, má pè é ní ìnákúnàá. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan lòun ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Àmọ́ ẹ má ṣe jiyàn rẹ̀ níṣojú ọmọ. Ọmọ ọdún 4 ti mọ ẹni tóun á sá lọ bá. Ẹ fẹnu kò sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí bàbá á máa ra nǹkan dídùn bọ̀. Lọ́jọ́ yòókù, ọsàn tàbí ẹja ni kó máa rà. Bó bá tún dárúkọ ọmọ aláìní, jẹ́ kó jẹun tán, kó o gbé páálí lé e lọ́wọ́, kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹ létí.