Kubwa ní Àbújá la ń gbé. Ajẹ́ńtì kan fẹ́ mú àbúrò mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lẹ́bánónì. Kí la lè ṣe kí wọ́n má bàa fìyà jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún?

Ẹ kú àníyàn o. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Kubwa lẹ ń gbé, ẹ tètè dé ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ẹ bèèrè bóyá ajẹ́ńtì yẹn ní láíséńsì.

Páásípọ́ọ̀tù ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù, torí ọ̀gá lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní kafala, ọ̀gá ilé ló dúró fún ìwé àṣẹ ìgbélùú ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Bó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú tàbí tó ń fipá bá a lò pọ̀, wọ́n lè sọ pé ó sá lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n tì í mọ́lé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fara dà á. Kó ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, físà àti ìwé àdéhùn, kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kó tó wọ bàálù. Ẹ tún jọ yan ọ̀rọ̀ àṣírí kan, bíi "ẹ bá mi kí ìyá àgbà", tó bá ti sọ ọ́, ewu ti dé nìyẹn.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, lórí 627, kí ẹ sì kàn sí NIDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, àti ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Beirut.