Ẹ Bi Lọ́yà: Bí Ọlọ́pàá Bá Ní Kí Ẹ Ṣí Búùtù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, Òmù-Àrán ni mo ń gbé, iṣu ni mo sì máa ń kó lọ tà ní Ìlọrin. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì ló wa mọ́tò, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí á tó wọ ìlú ni àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Wọ́n wo pátíkúlà, ó pé. Wọ́n ní kí á ṣí búùtù, a ṣí i, iṣu ni wọ́n bá. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn wo irun ọmọ náà tó di dàda, ó ní ọmọ Yahoo ni, kí ó mú fóònù rẹ̀ wá. Ó ka WhatsApp rẹ̀, ó tún ní kí ó ṣí áàpù báńkì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún náírà ló wà níbẹ̀, owó oúnjẹ tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, mo fún wọn ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún kí wọ́n tó jẹ́ kí á lọ. Ṣé òfin fún wọn láyè tó bẹ́ẹ̀? — Ìyá oníṣu, Òmù-Àrán

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ewu, ẹ sì kú ojú ọ̀nà. Dídá yín dúró àti wíwo ìwé ọkọ̀ kò lòdì sí òfin rárá. Pẹ̀lú bí àwọn ajínigbé ṣe ń yọ gúúsù Kwara lẹ́nu, kò sí ẹni tí yóò ní kí ọlọ́pàá kúrò lójú pópó. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí yín, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ tan iná inú mọ́tò, kí ọwọ́ yín sì wà níbi tí wọ́n ti lè rí i.

Ọ̀rọ̀ búùtù ló fẹ́ àlàyé. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gba ọlọ́pàá láyè láti dá ènìyàn dúró kí ó sì tú ẹrù rẹ̀ wò bí kò bá ní ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ pé ẹni náà gbé ohun olè tàbí ohun mìíràn tí òfin kọ̀. Ohun tí mo pè ní ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni èyí tí ọlọ́pàá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún adájọ́ lọ́la tí kò sì ní dà bí àwáwí: òórùn igbó ń jáde nínú ọkọ̀, tàbí wọ́n ti fi tó wọn létí pé wọ́n jí mọ́tò aláwọ̀ báyìí ní Ọ̀fà láàárọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà lára ìjókòó. Òfin kan náà sọ ọ́ ní gbangba pé ọjọ́ orí ènìyàn, irun orí rẹ̀ tàbí bí ó ṣe múra kò tó ìdí fún títú u wò. Dàda orí ọmọ yín kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun, àyàfi ti ẹ̀rí pé ó pẹ́ kí ó tó rí onígbàjámọ̀.

Ṣé kí ẹ wá kọ̀ láti ṣí i ni? Èmi tí mo jẹ́ lọ́yà máa ń ṣí i. Títì kan kì í ṣe kóòtù, ẹni tó gbé ìbọn kọ́ èjìká kì í sì í gbọ́ àríyànjiyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ọ̀gá, ẹ ǹlẹ́ o. Kí ni ẹ fura sí?” Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn, mo máa ń sọ pé nítorí pé wọ́n pàṣẹ ni mo fi ń ṣí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé èmi ni mo yọ̀ǹda. Lẹ́yìn náà ni màá sọ̀ kalẹ̀, tí màá dúró níbi tí ojú mi ti tó ọwọ́ wọn. Ohun tí a kò bá tìkára wa gbé sínú búùtù, kò yẹ kí á bá a níbẹ̀. Bó bá kan títú ara obìnrin wò, obìnrin ni ó yẹ kí ó ṣe é, ní ọ̀nà tí kò ní dójú tì í.

Ti fóònù yàtọ̀ pátápátá. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ọ̀rọ̀ SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ń gbóná, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pa á láṣẹ pé kí àwọn ọmọ abẹ́ òun yé tú fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn ará ìlú wò bó ṣe wù wọ́n, àwọn tó wà lókè níbẹ̀ sì ti tún un sọ lẹ́yìn náà. Ìbọn lè wà lábẹ́ iṣu, ṣùgbọ́n ìbọn kì í wà nínú WhatsApp. Kí ọmọ yín má fi nọ́ńbà ìṣílé fóònù náà fún ẹnikẹ́ni lójú títì. Ohun tí ó lè sọ ni pé bí wọ́n bá ti mú òun, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun, kí wọ́n jọ lọ sí tésàn, kí lọ́yà wá bá òun níbẹ̀. Abala 35 ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tí ó bá yàn sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn, n kò ní bá yín wí, nítorí mo mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń ṣú ní ojú ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ lọ́dún 2000 kò fi ẹni tó fúnni ní rìbá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ kọ orúkọ àyà aṣọ wọn, nọ́ńbà mọ́tò wọn, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti aago tó lù. Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá wà láti ọdún 2015, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti Àjọ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Ará Ìlú náà sì ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láìsí àwọn nǹkan mẹ́rin wọ̀nyẹn, ẹ̀sùn náà yóò kàn máa fò lójú ọ̀run ni.

Ìbéèrè: A gbọ́ ní gáréèjì pé kóòtù ti ní kí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, má ṣe dá wa dúró mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Awakọ̀, Ọ̀fà

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Ọ̀fà. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja ló dá ẹjọ́ náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn VIO ti Abuja ni wọ́n sì pè lẹ́jọ́. Ẹ má ṣe fi í bá VIO Kwara tàbí KWARTMA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní Kwara, jà lójú pópó. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín pé, kí inṣọ́ránsì sì wà níbẹ̀: ti mọ́tò ara ẹni, èyí tó kéré jù lábẹ́ òfin, ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun yóò bá yín ṣe é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

Ìbéèrè: Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n mú àbúrò mi níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní Gánmọ́. Títí di ọjọ́ Ajé ni ó wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní kí n mú owó béèlì wá, wọ́n tún ní obìnrin kò lè dúró fún un. — Aránṣọ, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ó yẹ kí wọ́n ti kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tí ó gbọ́. Abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè tún sọ pé bí kóòtù tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi àtìmọ́lé, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́, Gánmọ́ kò sì jìnnà sí àwọn kóòtù Ìlọrin rárá. Ní ti béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri tésàn. Bí agbára yín kò bá ká owó lọ́yà, Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin, ẹ lọ bá wọn.

Ẹni tó sì sọ pé obìnrin kò lè dúró fún béèlì, ẹ sọ fún un pé òfin ìdájọ́ ọ̀ràn ti ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ kọ ènìyàn nítorí pé obìnrin ni. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín àti ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn lọ́wọ́, kí ẹ béèrè fún DPO, ọ̀gá tésàn, fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n bá gbé síwájú yín tán kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i.