Ṣé òótọ́ ni pé tí inú bá ti bí ìjòyè Ọ̀yọ́, wọ́n á kàn gbé igbá òfìfo fún ọba?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè o. Igbá yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú bíbí ẹnì kan rárá.

Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn àwọn ìjòyè àgbà méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, àwọn yìí náà ló ń yan Aláàfin láàárín àwọn ọmọ ọba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lẹ́nu láti ní kó kúrò. Kábíyèsí ni lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa dìde lọ́jà kó bi í léèrè, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, tó bá ń ni ará ìlú lára tàbí tó da májẹ̀mú, wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, pé ayé kọ̀ ọ́, ọ̀run kọ̀ ọ́. Tó bá ti ṣígbá wò, ó parí nìyẹn, ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa fi para ẹ̀.

Ẹ wo Aláàfin Awólẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbógun lọ Apòmù, ilẹ̀ Ifẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọba Ọ̀yọ́ máa ń búra pé òun ò ní kọlu Ifẹ̀, nígbà tó tún wá yí ogun náà sí ìlú Ìwéré, àwọn ọmọ ogun yarí, wọ́n fi igbá ránṣẹ́ sí i, ní nǹkan bí 1796.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ti ẹni tó ń gbé igbá gan-an. Baṣọ̀run Gáà, láti 1754 sí 1774, ọba mẹ́rin ni ìtàn kà sí i lọ́rùn, àwọn ọmọ ẹ̀ tú ká sí ìgbèríko, àwọn ni wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó lọ sáàfin, títí Aláàfin Abíọ́dún fi bá Kakaǹfò, olórí ogun, Ọyábí ti Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀ pọ̀ tí wọ́n fi kápá ẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń pa á lówe pé bí o láyà o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà o sòótọ́. Àwọn Ògbóni ló yẹ kó dí Ọ̀yọ́ Mèsì lọ́wọ́ kí wọ́n má ṣàṣejù, àmọ́ nígbà tí ẹnì kan bá ti kó ìlú sápò, ta ló kù tó máa sọ̀rọ̀?

Lóde òní, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa ní igbá tiwa. Abala 69 ní ará agbègbè lè pe sẹ́nétọ̀ wọn padà, tí ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, tó wá ṣètò ìbò lórí ẹ̀. Ti gómìnà kò rí bẹ́ẹ̀ o, abala 188 kò fi sọ́wọ́ wa, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lè yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ká mi lára téèyàn bá tò sórí ìlà látàárọ̀ torí gómìnà, tí kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń lọ ṣòfin fún àdúgbò ẹ̀.