Ẹ má tì í mọ́ yàrá

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní àbúrò yín tó ti ń mu ọtí líle láràárọ̀ láti bí ọdún mẹ́jọ fẹ́ jáwọ́ lọ́la, ẹ sì fẹ́ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta kó má bàa rí ọtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín rò ó, àmọ́ irú rẹ̀ gan-an ló kù díẹ̀ kó pa mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá ọtí dúró fúnra mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n, mo làágùn, mi ò rí oorun sùn, ó sì lọ. Ìkejì le jù bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹ̀ẹ̀kẹta, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo mu èyí tí mo mu kẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mi ò lè gbé ife omi dé ẹnu. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ṣì ń dà sí mi láyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gìrì mú mi. Èmi ò mọ̀, ìyàwó mi ló sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni mo tọ́ wò nígbà tí mo lajú, mo ti gé ahọ́n mi jẹ.

Dókítà ní ọtí máa ń pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́, ọpọlọ náà á wá máa pariwo kó lè borí rẹ̀. Bí ọtí bá kúrò lójijì, ariwo yẹn nìkan ló kù. Bí èèyàn bá sì ń dá a dúró tó ń padà sí i, ńṣe ni yóò máa le sí i.

Gìrì sábà máa ń wá láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́. Láti nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn kan á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara wọn á gbóná, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà. Delirium tremens nìyẹn, ó sì ń pani bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fẹ́ tì í mọ́lé ló bọ́ sí àárín rẹ̀ yẹn.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ fáítámì B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí mi lára, torí pé àìsí rẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́. Wọ́n wá fún mi ní diazepam, oògùn tó ń mú kí ariwo ọpọlọ yẹn rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ní kí n na ọwọ́ síwájú, kí n ya ìka, á wo bó ṣe ń gbọ̀n, á bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Bí ó bá ṣe rí i ni wọ́n ṣe ń dín oògùn náà kù, títí ọjọ́ keje. Ẹ má rà á fún un fúnra yín o. Òun àti ọtí lè dá èémí dúró.

Bí ẹ ò bá tíì rí dókítà, ẹ má gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Bí gìrì bá ti mú un rí, ẹ sáré gbé e lọ lónìí. Kí ẹ sì sọ iye tó ń mu gan-an. Ojú tì mí, ìdajì ni mo sọ, oògùn àkọ́kọ́ kò sì ká a. Ìyàwó mi ló tẹ̀lé dókítà jáde lọ sọ òótọ́ fún un.